Abẹ̀bẹ̀ Tí Sìkírátù Kọ̀ Láti Béèrè

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn tó mọ́ tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Sìkírátù ti ga ju imú rẹ̀ lọ. Ó fa dígí kékeré yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi yẹ apá ọ̀tún wò. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló rí níbẹ̀, tó lójú, tó nímú, tí èèyàn ṣì lè kí lójú títì. Ó yí dígí sí òsì. Orí ẹlòmíràn ló bá pàdé.

"Họ̀wù!" ó wí fún dígí. "Ìwọ ta nìyí? Ta ló ní kí o wá sùn lórí ìrọ̀rí mi?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dé ìdí eyín, ó fẹsẹ̀ kọ, ó di igbe.

Ọjọ́ kan ṣáájú ló yọ eyín kan tó ń dùn ún ní Fádèyí. Àwọn dókítà ìjọba ti yanṣẹ́ lódì láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ lọ, ewé tútù ni wọ́n so mọ́ géètì rẹ̀, àwọn aláìsàn sì tò síta bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ọláwuyì, ọkùnrin tó ya eyín ràgàjì sára pákó ẹnu ìsọ̀ rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni yanṣẹ́ lódì ní tirẹ̀. Ó ní àpótí ìjókòó, ó ní ẹ̀mú, ó ní orúnkún tó fi ń tẹ èèyàn láyà kó má baà dìde sá. Nígbà tí eyín jáde, ó ní kó fi ògógóró yọ ẹnu, kó sì fi áásà dí ihò rẹ̀.

"Ògógóró kẹ̀? Mùsùlùmí ni mí o."

"Ìyá, ẹ ò ní gbé e mì," ni Ọláwuyì dáhùn. "Ohun tí èèyàn tu dànù, Ọlọ́run kì í kà á mọ́ ọn lọ́rùn."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Sìkírátù ì bá kó aṣọ borí, ì bá sùn. Ṣùgbọ́n òní ni oúnjẹ bọ́ sí i lọ́wọ́. Nílé Yísà Àkànbí, ọkọ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni ìyáálé ń dáná, ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàwó ń dáná, ẹni tó bá sì dáná ló ń sùn ní yàrá ọkọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá tí kò lè dáná, ọjọ́ rẹ̀ lọ nìyẹn. Wọn kì í dá a padà fún un. Ibà ti gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ Sìkírátù. Òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú gba mẹ́ta mìíràn. Bí eyín bá tún gba tirẹ̀, ó lè gbàgbé ibi tí ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn kọjú sí.

Kì í kúkú ṣe pé nǹkan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ pọ̀ mọ́. Òun àti Yísà á dùbúlẹ̀, ọ̀kan á máa ráhùn ẹ̀yìn, èkejì á máa ráhùn orúnkún, títí oorun á fi gbé àwọn méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n ìráhùn náà, òun ló ni ín. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá a gbọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn yàrá ọkọ dún gbì. Sìkírátù ká kọ́tìnnì tirẹ̀ sókè díẹ̀, ó yọjú. Adébùnmí, ìyàwó kékeré, ló ń jáde, ó ń tún ìró rẹ̀ so, Faridah ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́, ọlọ́rùn gígùn, tí pọ́ńdà kì í tán ní àyà rẹ̀. Ó ya ẹnu, eyín sì tò jáde bí àgbàdo tí ojú ọjọ́ gbè. Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí Adébùnmí, eyín ló dun Sìkírátù jù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó sáré ṣí àpótí, ó fa ìbòrí dúdú tó fi ń lọ síbi wáàsí yọ. Ó wé e yí orí ká, ó fà á gba abẹ́ àgbọ̀n, ó tún fà á bo imú, títí tó fi ku ojú méjì péré. Ó wá gbé ìgbésẹ̀ ẹlẹ́sìn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Saheed," ni Adébùnmí wí, ó kúnlẹ̀. "Ojú eyín yẹn ńkọ́?"

"Eyín wo?" Ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. "Ó ti tán."

Nílé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn ní Ladi-Lak, kò sí ohun tuntun tó lè rin láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé kí Ìyá Dọlápọ̀ tó rí i. Ìdí ẹ̀rọ omi ló wà, ó ń fọ ìkòkò.

"Ẹ gbà mí o! Ìyá Saheed ti di ẹlẹ́hàá! Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

"Láti àná! Èmi mà mọ̀ pé ó ń bọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, kó lè dé ibi gbogbo. "Wọ́n ní bí wọ́n bá gbé ọmọdé léni lórí, èèyàn á dá àrà tí wọn ò dá rí."

Sìkírátù ní èsì méje fún un. Ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ ni kò sí.

Yísà fúnra rẹ̀ yọ, ó ń wá bàtà. Onítẹ̀wé ni ní Ṣómólú, yíńkì kì í sì í kúrò ní èékánná rẹ̀, à báà lọ̀ ọ́ mọ́ òkúta. Ó rí obìnrin dúdú tó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ta gìrì.

"Síkírá? Kí lèyí?"

"Jímọ̀ ni."

"Àlùhamdulílàhì." Inú rẹ̀ dùn, ó ń wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. "Ó yẹ ọ́. Ìkọ́kọrẹ́ ń bọ̀, àbí? Mo fẹ́ kó àwọn pósítà káńsẹ́lọ̀ yẹn fún un, tí a bá kírun tán mo ti dé."

Ó fẹ́ kọjá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adébùnmí, ó fọwọ́ pa Faridah lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà ṣẹ́ kù, ó fi èyí tó kù fún ìyá ọmọ.

"Ó dàbọ̀, Dádì," ni Adébùnmí wí.

Dádì! Ọkùnrin tí Sìkírátù ti fi òróró pa nídìí nígbà tí eéwo gbé e dè. Dádì.

Ó kó ohun èlò rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Ìkọ́kọrẹ́ ni ọ̀pá àṣẹ tó kù sí i lọ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú lòun àti Yísà, Adébùnmí ì báà mọ ogún ọbẹ̀, ewùrà kì í gbọ́ èdè Ọ̀yọ́. Àgbà ní ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Èyí tí baálé wá ń jẹ tó ń lá ìka ńkọ́? Ìyáálé kì í fi kọ́ ìyàwó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní gbogbo ọdún mẹ́ta tí Adébùnmí wọlé, tí Sìkírátù bá ti ń po ewùrà, á rán an níṣẹ́ lọ ra iyọ̀, iyọ̀ ì báà kún inú agolo dẹ́nu.

Iná ló kọ́kọ́ dá a lóró. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni ti rí epo sítóòfù rà; ọdún kejì nìyí tí ṣọ́jà ti gbé ìjọba fún alágbádá, èédú ni gbogbo ilé sì padà sí. Ó kó èédú sínú àdògán, ó ki iná bọ̀ ọ́. Iná náà pọ́n díẹ̀, ó ronú, ó fẹ́ kú.

Abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ẹnu ọ̀nà Adébùnmí ló fara ti, nítorí òun ló dáná títí di àná. Adébùnmí náà sì jókòó níbẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Gbólóhùn kan ni ọ̀rọ̀ náà: Ìyá Faridah, gbé abẹ̀bẹ̀ wá. Sìkírátù wo abẹ̀bẹ̀, ó wo ọmú tó dúró ṣánṣán lẹ́nu ọmọ, ó rántí tirẹ̀ tó ti gbọ̀nà ìdodo lọ láti ìgbà tí Saheed ti gbéyàwó. Gbólóhùn náà padà sínú.

Ó ya ọ̀kan nínú àwọn pósítà tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀ bàjẹ́ tí wọ́n fi bo èéfín ara ògiri. Káńsẹ́lọ̀ wà lára rẹ̀, ó ń fín eyín síta, ó ṣèlérí omi, iná àti ìlera. Ó fi fẹ́ iná. Bébà fẹ́lẹ́ ni, ó ń tẹ̀ síhìn-ín, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ kankan ò ti ara rẹ̀ jáde. Ó jù ú sínú èédú. Òun nìkan ló jó.

Ló bá fa ìbòrí sísàlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fún ẹnu pọ̀, ó fi fẹ́ ẹ. Fúù! Iná pọ́n. Fúù! Ojú ń ṣe é bàìbàì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, nǹkan kan já nínú ihò eyín náà, bí ìgbà tí a bá fa èdídì ẹnu ìgò. Adùn burúkú kan kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó fa ìbòrí padà sókè. Iná ti jó.

Ó jókòó ti ewùrà, ó ń rin ín lára agolo tí wọ́n fi ìṣó dá lu. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó tún ń gbọ̀n. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì, ẹ̀jẹ̀ ń kún. Nígbà tó tẹ orí ba láti fi ọwọ́ gbá ewùrà jọ, ìbòrí ti rin, ẹ̀kán kan sì já bọ́ sínú abọ́ funfun náà. Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Ìyá Saheed!" Adébùnmí ti dìde. Kò sẹ́ni tó mọ̀gbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ̀jẹ̀!"

"Ata ni."

"Ata kẹ̀?"

"Ata ni mo ní! Ata rodo. Kúrò níbí, lọ ra iyọ̀!"

Adébùnmí kò lọ ra iyọ̀. Ó na ọwọ́, ó ṣí ìbòrí náà. Ìyá Dọlápọ̀ tó ti sún mọ́ tòsí láti wá gbọ́ ìjà rí ojú yẹn, ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Òwe kan wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pa á dé.

"O fẹ́ gba ọjọ́ mi," ni Sìkírátù ń sọ, ẹ̀jẹ̀ àti omijé ń dà pọ̀. "Láti òwúrọ̀ lo ti ń ṣọ́ mi. Inú rẹ ti ń dùn. O máa sùn síbẹ̀ lónìí, o máa sùn síbẹ̀ lọ́la!"

"Ọjọ́ wo, ìyáálé mi? Ọjọ́ tí ẹ máa fi kú?" Ohùn Adébùnmí náà ti ga. "Ẹ kú nìyẹn, kí n máa dá nìkan gbọ́ ìráhùn ẹ̀yìn Dádì lálaalẹ́! Ẹ rò pé mo ń gbádùn ni?"

Sìkírátù gbójú sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tóbi, èkejì ti rù.

"Ó ń ráhùn ẹ̀yìn fún ìwọ náà?"

Adébùnmí káwọ́ mọ́ ọn lápá, ó ń fà á dìde.

"Ìwọ náà fi í sílẹ̀ jàre," ni Ìyá Dọlápọ̀ rí ẹnu sọ níkẹyìn. "Ṣé tìrẹ kọ́ ni ọjọ́ náà á padà jẹ́?"

"Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, àjà ló ṣì wà, ìyá mi," ni Adébùnmí wí. "Ẹ bá mi di apá kejì mú."

Orí ló yọ wọ́n. Ìyá Tolúwalọpẹ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Nọ́ọ̀sì, ń wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru ní Igbóbì. Kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi fà á dé orí ẹní Sìkírátù. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu.

"Jésù! Kí ló dúdú níbẹ̀ yẹn?"

"Áásà," ni Sìkírátù wí.

"Áásà! Inú egbò tútù! Kí lẹ tún fi sí i?"

Ojú ti Sìkírátù. "Ògógóró. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e mì."

"Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá ń fẹnu fẹ́ná." Nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó tẹ ọrùn. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi o, gbogbo yín. Egbò yìí ti díbàjẹ́, ìwú náà sì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá dé ọ̀fun, ó lè dí ọ̀nà èémí. A máa gún un lábẹ́rẹ́ báyìí. Tí kò bá rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ilé ìwòsàn aládàáni ni, Bàbá Saheed ì báà ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé."

"Ti ìjọba ńkọ́?" ni Ìyá Dọlápọ̀ béèrè.

"Ti ìjọba wo? Àwọn tí kò sanwó fún dókítà, òkè òkun ni wọ́n ti ń tọ́jú eyín tiwọn. Tiwa nìyí. Ẹ̀mú àti orúnkún."

Láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń wo ilé ìdáná lọ́ọ̀ọ́kán. Pósítà kejì ṣì wà lára ògiri. Káńsẹ́lọ̀ ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Eyín rẹ̀ pé.

Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ oògùn sórí ìwé, Adébùnmí gbà á, ó pọn ọmọ, ó sáré lọ sọ́dọ̀ onísọ̀ oògùn ojú títì. Kí ó tó dé, Nọ́ọ̀sì ti fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ áásà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó ká aṣọ egbò funfun, ó ní kó gé e jẹ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, ó ní kó yí ìdí síta.

Sìkírátù yọ aṣọ lẹ́nu. "Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o. Ibẹ̀ fẹ̀, kí abẹ́rẹ́ yín má lọ ṣìnà."

"Ẹ gé aṣọ yín jẹ!" ni Nọ́ọ̀sì wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti mú un.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó ń wo ilé ìdáná. Adébùnmí da ewùrà ẹlẹ́jẹ̀ nù, ó fọ abọ́, ó mú ewùrà tó kù, ó jókòó sórí àpótí Sìkírátù, ó ń rin ín. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ wá, ó fẹ́ iná lẹ́ẹ̀mẹta, iná dìde kí i.

Sìkírátù ń dúró de àṣìṣe. Ó ní omi á pọ̀ jù. Omi kò pọ̀. Ó ní á gbàgbé edé. Edé wọlé, ẹja yíyan wọlé, epo tẹ̀ lé e. Adébùnmí ń fi ìka gé ewùrà sínú omi ọbẹ̀ gbígbóná, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ọwọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń rán an lọ ra iyọ̀, ó ti ń gba ojú fèrèsé wò. Olè. Ohun tí wọ́n ń jí nílé yìí, kì í ṣe ọkọ nìkan.

Adébùnmí gbé ìkòkò dé, ó ṣí i, ó mú ìgbákọ.

Ó ti yá jù. Sìkírátù mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ro ìkọ́kọrẹ́ kí ewùrà tó dì, gbogbo rẹ̀ á yọ́ bí lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ pósítà. Yísà á tọ́ ọ wò, á gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á sọ pé, "Síkírá dà?" Aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀, ta ló máa bi í léèrè pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ìgbákọ ń sọ̀ kalẹ̀. Sìkírátù di ojú. Ó la ojú. Orí ló mọ ohun tó ṣe é, ó gbé ọwọ́, ó fi lu ilẹ̀ gbàmù, ó sì ń mi orí sọ́tùn-ún sósì pé rárá.

Adébùnmí wò ó. Ìgbákọ dúró lókè. Ó gbé e sílẹ̀, ó dé ìkòkò padà, ó sì jókòó dúró, kò gbójú kúrò lára ìyáálé rẹ̀ títí ọwọ́ náà fi tún gbéra, tó fi ìka kan pè é: ó yá, rò ó.

Yísà dé láti ibi ìrun, ebi ti lu ú. Adébùnmí gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ ní pálọ̀, ó ní Ìyá Saheed ń sinmi. Sìkírátù tí wọ́n ti gbé padà sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì ń gbọ́ ohùn abọ́. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ bó ṣe ń lá ìka, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò.

"Háà, ọwọ́ Síkírá nìyí," ni Yísà wí. "Ọgbọ̀n ọdún, kò yí padà rí. Ìwọ náà jókòó tì í kí o kọ́ ọ."

Adébùnmí bu omi fún un. Sìkírátù tẹ ìrọ̀rí mọ́ ẹnu. Ọgbọ̀n ọdún.

Yísà wá sí yàrá láti dúpẹ́. Ó ká kọ́tìnnì, ó rí ojú aya rẹ̀, ó wá ibi jókòó. Ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó ń wo ìbòrí dúdú tó há lórí okùn tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́, òun tó sọ láàárọ̀ pé ó yẹ ẹ́.

"Ojú báyìí lo fi dáná fún mi?"

Sìkírátù wo Adébùnmí. Adébùnmí ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ tiwọn ni," ni Adébùnmí wí.

Nígbà tí Yísà máa dìde, ó ní kí wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì yàrá òun. Òun á tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ara òun. Adébùnmí kó ìrọ̀rí ìyáálé rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó sì kó ìró tirẹ̀ tó gbàgbé síbẹ̀ láàárọ̀ jáde.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Nọ́ọ̀sì padà wá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó ní ó ti dúró lójú kan, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa fún un ní oògùn rẹ̀, kó sì jẹ ohun rírọ̀ tó ti tutù.

Adébùnmí gbé abọ́ kékeré wọlé. Ìkọ́kọrẹ́ ni, ó ti tutù, ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò ní eyín kankan lè gbé e mì. Sìkírátù fi ìdí ṣíbí gbé díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó dùn. Ohun tó bí i nínú jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó gbé ìkejì, ó ń wá ibi tó kù sí. Ó gbé ìkẹta, ó ń wá a. Ó wá a títí ó fi rí ìdí abọ́.

"Iyọ̀ ò dé e," ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Ẹja rẹ náà tóbi jù."

"Mo máa gé e wẹ́wẹ́ nígbà mìíràn, mà."

Sìkírátù na abọ́ òfìfo sí i kó tún bù sí i. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, iná ìjọba ti lọ láti ọ̀sán, yàrá náà sì gbóná bí inú àdògán. Adébùnmí ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ìyá Faridah."

"Ẹ ẹ̀n mà?"

"Gbé abẹ̀bẹ̀ wá."